Lọ́yà ọ̀fẹ́ fún àbúrò mi tó wà ní Àgodi: ta ni kí n lọ bá?

Ìyá Ẹniọlá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ jórinjórin wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló sọnù, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà. Kóòtù májísíréètì ní Ìyágànkú fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀kan nínú oníduro gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, a ò sì rí. Lọ́yà tí mo lọ bá ní ₦250,000 lòun máa gbà. Ẹ̀fọ́ ni mo ń tà! Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ń fún aláìní ní lọ́yà? Ẹnìkan tún ní kó gbà pé òun jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ọmọ náà ò jalè.

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má jẹ́ kó sọ pé òun jẹ̀bi o! Bó bá ti sọ ọ́, adájọ́ lè dá a lẹ́bi lọ́jọ́ náà gan-an, orúkọ ọ̀daràn á sì máa tẹ̀ lé e kiri. Mo ti rí àwọn ọmọ tí irú ìmọ̀ràn yìí ba ayé wọn jẹ́, ó ń dùn mí gan-an.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ wà. Legal Aid Council ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀ láti 1976, òfin 2011 ló ń tẹ̀ lé báyìí, ẹ̀sùn olè jíjà sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn ₦70,000 láti 2024, ló wà fún. Ẹ má tìtorí ọjà yín bẹ̀rù. Òun ló ń jẹ́jọ́, owó tirẹ̀ ni wọ́n máa wò, ọmọ iṣẹ́ ò sì gbowó oṣù.

Kí òun náà sọ fún wẹ́fẹ́à, òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, pé òun ń fẹ́ lọ́yà ọ̀fẹ́. Tó bá sì dé kóòtù, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kó nawọ́, kó sọ ọ́ sókè: “Olúwa mi, mi ò ní lọ́yà, mi ò sì lówó tí mo lè fi gbà á. Mo bẹ kóòtù kó bá mi kọ̀wé sí Legal Aid.” Kó fi Yorùbá sọ ọ́ bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, abala 36 nínú ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró kí adájọ́ bi wọ́n, wọn á dákẹ́ títí wọ́n á fi sún ẹjọ́ síwájú.

Ti oníduro yẹn, lọ́yà lè bẹ adájọ́ kó dẹ̀ ẹ́. Bó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ gíga wà ní Ring Road.

Àdùnní Mushin
Ní Èkó níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ ní tiwọn, Office of the Public Defender. Àwọn ló gba ẹjọ́ ọkọ mi rò, a ò san kọ́bọ̀. Àmọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹjọ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jókòó sílé dè é. Ẹ lọ rí lọ́yà tí Legal Aid bá fún un kí ọjọ́ kóòtù tó pé, kẹ́ ẹ kó orúkọ gbogbo ẹni tó tún ń mú kọ́kọ́rọ́ yẹn fún un.

Ìyá Ẹniọlá
Ẹ ṣeun, Olúwa á gbọ́ tiyín. Ìwé ẹ̀sùn ò sí lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé kóòtù ní kí n mówó wá.

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn
Owó wà lórí ẹ̀dà tí kóòtù bá lù lóǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gba rìsíìtì. Tí kò bá sí rìsíìtì, ẹ má san án. Kí akọ̀wé náà kọ nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n sún un sí fún yín lọ́la, kẹ́ ẹ gba ibẹ̀ lọ sí Legal Aid tààrà. Ìyẹn ti tó láti bẹ̀rẹ̀.