Etí mi ń di díẹ̀díẹ̀ bíi ti màmá mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 34 ni mí. Ó ti tó ọdún 5 tí etí mi ti ń di. Bí ọmọ mi bá pè mí níbi tí mo ti ń gúnyán, odó nìkan ni mò ń gbọ́. Lọ́jà, ẹnu oníbàárà ni mò ń wò kí n tó mọ iye tó ń ná.

Bó ṣe ṣe màmá mi àti àbúrò wọn ọkùnrin náà nìyẹn. Ará ilé ní ayé ló ń ṣe wá. Èmi ò gbà.

Mo ti kán òróró sí etí náà (ẹ má tíì bú mi). Dókítà ní awọ etí mi kò lu, pé àwọn irun tíntìntín inú etí lọ́hùn-ún ló ń kú, wọn kì í sì í hù padà. Ó ní ó lè jẹ́ àbùdá ìdílé: irú kan wà tó jẹ́ ìyá nìkan ló ń fi ran ọmọ, abẹ́rẹ́ gentamicin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) sì lè sọ ẹni tó ní in di adití.

Owó ọwọ́ mi ò lè ṣe méjì. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni, àbí kí n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì (àyẹ̀wò àbùdá ìdílé yẹn) nítorí ọmọ mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.