Kọ̀ǹpútà yín tó ti dàgbà, Windows wo lẹ fi sí i? Ẹ wá sọ tiyín

Ará Àjàṣẹ́
Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì ni mo ní nítòsí ọjà Ouando. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé, prosẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) Core 2 Duo ni, RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 2 GB. Windows 7 oní-32-bit (irú àtijọ́, kì í ṣe 64-bit ti òde òní) ló wà lórí ẹ̀, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Dírífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀, ti 32-bit nìkan ló wà. Tí mo bá gbé 64-bit wọlé, ìtẹ̀wé parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé Microsoft ti fi í sílẹ̀ láti January 2020, ìdí nìyẹn tí mi ò fi so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Clé USB ni oníbàárà ń mú wá. (Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì inú clé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn!)

Ará Kétu
Ẹ̀gbọ́n, tiyín yé mi, ṣùgbọ́n àwa ò lè ṣe ká má wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹtí mi tó jẹ́ tíṣà gbé laptop Core i5 ìran kẹta wá, RAM 4 GB. Wọ́n ní Windows 11 làwọn ń fẹ́, torí àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí ní 14 October 2025. Mo ní, "Àǹtí, TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò) àti prosẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè nìyẹn ń béèrè." Àwọn kan mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tí èèyàn lè fi rọ́pò Windows, ni mo fi hàn wọ́n. Orí clé la ti kọ́kọ́ dán an wò, a ò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀rọ: Wi-Fi mú, ohùn dún, kíbọ́ọ̀dù AZERTY wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà. LibreOffice tó dípò Word níbẹ̀ ló ṣì ń bí wọn nínú, torí ìwé máàkì tí ọ̀gá wọn fi Word ṣe máa ń dàrú tó bá débẹ̀.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Dísìkì ńkọ́? Irú laptop yẹn ni mo ní. Mo yọ dísìkì àtijọ́ tó ń yí, mo fi SSD (dísìkì tí kì í yí) sí i, ó sì ń tan kíá lórí Windows kan náà. Ẹni bá ní kí ẹ fi Windows 11 24H2 (ẹ̀dà ti 2024) sórí Core 2 Duo, ẹ má dá a lóhùn: kò ní tan rárá, prosẹ́sọ̀ yẹn ò ní àṣẹ POPCNT tí Windows yẹn nílò.

Ará Àjàṣẹ́
Ṣé tèmi á gba SSD? Okùn tí dísìkì ẹ̀ ń lò, SATA ni o.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Á gbà á. Ẹ fi RAM kún un pẹ̀lú, àmọ́ kó má kọjá 4 GB, 32-bit yín ò ní rí ìyókù.