Àgbàdo ẹ̀yìnkùlé: ẹ má gbìn ín ní ìlà kan ṣoṣo o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mo ti ka ti àwọn tó ti sọ tiwọn lórí bí àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ṣe lè ṣe dáadáa, fatiláísà àti kòkòrò ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí mi ò rí ẹni tó dárúkọ ẹ̀.

Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, kò tó pulọ́ọ̀tì kan, gbogbo ilé ló sì ń fi í gbin nǹkan. Màmá ló ni ibi ẹ̀fọ́ àti ilá, àbúrò mi ọkùnrin wá ní òun máa gbin àgbàdo gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì lọ, ìlà kan péré, kó má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àgbàdo yẹn dàgbà o! Igi ẹ̀ ki, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọn tó ń kọjá ń kí wa. Ìgbà tá a yà á tá a bó háhá ẹ̀, háà, eyín fò níbí, eyín fò lọ́hùn-ún. Àgbàdo tí wọ́n ní ó ń lọ sóko níhòòhò tó ń kó igba ọmọ bọ̀, tiwa ò kó ogún bọ̀.

Màmá ní ilẹ̀ ló ti ṣá, àbúrò mi ní irúgbìn tí wọ́n tà fóun ni ò dáa, ẹnì kan ní àfi ká ra fatiláísà yúríà sí i. Bàbá àgbẹ̀ kan tó máa ń wá ra ẹ̀gẹ́ ládùúgbò ló wò ó tó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ ò mọ̀ pé atẹ́gùn ló ń fún àgbàdo lóyún ni?

Òdòdó tó yọ lórí ẹ̀ ló ní lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè, atẹ́gùn á gbọ̀n ọ́n sórí irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo, irun kọ̀ọ̀kan ló sì ní hóró tiẹ̀, èyí tí lẹ́búlẹ́bú ò bá kàn, hóró ibẹ̀ ò ní jáde nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ ìlà kan, atẹ́gùn á kó gbogbo ẹ̀ gba orí fẹ́ǹsì lọ.

Nígbà tá a tún máa gbìn, a wá kó o jọ sójú kan, ìlà mẹ́rin sókè, kúkúrú kúkúrú, 75 cm láàárín ìlà sí ìlà, 25 cm láàárín igi sí igi, hóró kọ̀ọ̀kan sí ihò kan, ọjọ́ kan náà la gbin gbogbo ẹ̀ kó lè yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kún dé ṣóńṣó.

Àmọ́ ọ̀dá náà máa ń fa kí eyín àgbàdo fò o. Ẹni tó bá gbìn ín ní àárín June, ìgbà tó máa yọ irun lè bọ́ sí August tí òjò máa ń dáwọ́ dúró. Ìdí tèmi fi ń sáré gbìn ní March sí April nìyẹn, kí òjò ṣáà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ti kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, èyí tó wọ Nàìjíríà ní 2016, ilẹ̀ kékeré ló ṣe é ṣe ká fọwọ́ ṣà á láàárọ̀, màmá tún máa ń da eérú sínú ọkàn ẹ̀.

Adìyẹ aládùúgbò ló kù tí apá wa ò tíì ká, hóró ò tíì hù wọ́n á ti wú u jẹ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí kò ní dá ìjà sílẹ̀ kó jọ̀ọ́ sọ ọ́ síbí.