Bóòtù oníyàrá tó yára, tí Hilux lè fà láti Àkúrẹ́ dé Igbókòdá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa bóòtù. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, Ìlàjẹ ni ilé ìyá mi, mo sì fẹ́ ra bóòtù oníyàrá témi àtìyàwó mi lè máa sùn sí tá a bá ti Igbókòdá ń lọ sí Ayétòrò. Trawler, ìyẹn bóòtù oníyàrá tí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ apẹja, ló wù mí, àmọ́ àwọn onídìí jíjìn yẹn, tí ìdí wọn máa ń la omi kọjá dípò kó sáré lórí ẹ̀, ti falẹ̀ jù, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ 25 lójú omi, bẹ́ ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ títí kò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá nọ́ọ̀tì 7 (nǹkan bíi kìlómítà 13 ní wákàtí kan), epo lásán ló máa máa mu. Èyí tó lè sá tó nọ́ọ̀tì 15 ni mo fẹ́.

Mi ò fẹ́ máa fi sílẹ̀ létí omi, omi oníyọ̀ á jẹ irin ẹ̀, ìkarahun á lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, mo fẹ́ máa fà á wálé ni.

Mo ti bi àwọn tó ń ṣe bóòtù fáíbà ní Igbókòdá, ọkọ̀ èrò tí ò ní yàrá ni tiwọn. Mo wo Ranger Tugs R-25, bóòtù oníyàrá ti Amẹ́ríkà, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ 8 àbọ̀ lọ, ìyẹn dáa lójú títì, àmọ́ tá a bá ro epo àti tírélà ẹ̀ mọ́ ọn ó ti ju tọ́ọ̀nù 3 àbọ̀ tí Hilux mi lè fà. Lóbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ẹrù tó wúwo, ńkọ́? Owó tí wọ́n pè ga jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé R-23 tó kéré sí i, lórí tírélà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní bíréèkì tiẹ̀, Hilux á lè fà á gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa pẹ̀lú gbogbo kòtò yẹn láìséwu, àbí bóòtù wo lẹ rò pó máa fúyẹ́ jù ú lọ?