Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá ti ẹnu ẹ̀rọ omi tí mo ṣí sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò mi?

Onílé Àjàrà:
Mo kí yín, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Àjàrà ní Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Nígbà tí mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ilé mi ní ọdún 2020, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé omi náà kò ní jẹ́ ti ìdílé mi nìkan, mo sì yọ ẹnu ẹ̀rọ kan sí ẹ̀yìn ògiri kí àwọn aládùúgbò lè pọn omi láìkan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, owó epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kí omi tó gun táńkì ti wọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn kan máa ń ṣí omi sílẹ̀ kí ó máa ṣòfò. Àwọn ọmọ ilé kan ti ṣẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí mo sì sọ̀rọ̀, ìyá wọn bi mí bóyá èmi ni mo dá omi. Mo tún gbọ́ pé ó ń sọ kiri pé ìbò kánsẹ́lọ̀ ni mò ń fi omi wá. Kì í kí ìyàwó mi, bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tò sílẹ̀ ní àárọ̀. Mo ti ra àgádágodo. Ó wà lórí tábìlì láti Ọjọ́bọ̀. Ìyàwó mi ní kí n ní sùúrù, àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ìjọ wa ní kí n tì í pa. Ṣé Kristẹni lè ti irú omi bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má dá a lẹ́bi?

Olùkọ́ Bíbélì:
Arákùnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tì í. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn nínú Lúùkù orí 17, ẹnì kan ṣoṣo, ará Samáríà, ló sì padà wá dúpẹ́. Jésù béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù, ó jọ pé ó dun òun náà, ṣùgbọ́n a kò kà á níbì kankan pé ẹ̀tẹ̀ padà sí ara wọn. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa ń lò, oore-ọ̀fẹ́: oore ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí a bá ti ń retí kí wọ́n fi ìkíni san án, ó ti di ọjà, ọjà sì ní ibi tí a ti ń ná an; Agbálátà, ọjà Àgbádárìgì wa, ni.

Oníṣòwò Agbálátà:
Olùkọ́, ẹ ti fi ọjà wa ṣe yẹ̀yẹ́ (mo ti foríjì yín), ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ẹni tí yóò ra epo. Òfin tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì nínú Léfítíkù orí 19, ẹsẹ 9 àti 10, ni pé kí àgbẹ̀ má kórè dé etí oko, kí ó má sì padà ṣa èso àjàrà tó bọ́ sílẹ̀, nítorí tálákà àti àlejò. Etí oko ni Ọlọ́run béèrè. Kò ní kí àgbẹ̀ fi gbogbo oko sílẹ̀ kí ebi máa pa ọmọ rẹ̀. Ẹ fi àkókò sí i: aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, àti wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún wá irú ẹnu ẹ̀rọ tó ń pa ara rẹ̀ dé bí a bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ìyá Ìjọ:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fúnni ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Èmi ti wà ní ipò ẹni tó ń gbà. Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹnì kan gbé àpò ìrẹsì wá fún wa, ó sì dìde ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi láti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ bí Ọlọ́run ṣe lo òun fún opó. A jẹ ìrẹsì náà, nítorí ebi kò mọ ìtìjú, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá rí ẹni náà lọ́nà, mo máa ń yà sí ọ̀nà mìíràn, òun náà sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé aláìmoore ni mí. Ní ọdún yẹn kan náà, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti bẹ̀bẹ̀ nítorí owó ìdánwò àkọ́bí mi, wọ́n ní ẹnì kan ti san án. Títí di òní, n kò mọ ẹni náà, mo sì ń gbàdúrà fún un. Ẹ wo ohun tí Bóásì ṣe nínú Rúùtù orí 2: ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà díẹ̀ yọ láti inú ìtí, kí wọ́n fi sílẹ̀ kí Rúùtù, opó tó ń ṣa ọkà lóko rẹ̀, lè ṣà á, kí wọ́n má sì bá a wí. Ẹni tó ń gbà lójoojúmọ́ tí kò ní ohun tí yóò fi san án, ẹnu rẹ̀ lè le. Ìtìjú ló ń sọ̀rọ̀. Onílé, níwájú ta ni ẹ ti bá obìnrin yẹn wí? Bí ó bá jẹ́ ojú èèyàn ni, ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn sí ọwọ́ rẹ̀, kí ó máa bá yín tọ́jú ẹnu ẹ̀rọ náà.

Ọmọ Marina:
Igi Àgíyà tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní ìlú wa ní ọdún 1842 ti wó láti ọdún 1959, ṣùgbọ́n kànga àwọn míṣọ́nárì ṣì wà nínú ọgbà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní Marina. Nítorí náà, èmi náà kò fẹ́ kí ẹ ti omi. Ti kọ́kọ́rọ́ yìí ló ń bà mí lẹ́rù, Ìyá. Bí ẹni tó ń bú èèyàn bá fi í jẹ gàba lé àwọn yòókù ńkọ́?

Onílé Àjàrà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ Marina, ọ̀sẹ̀ kan péré ni, n kò tíì lè dá yín lóhùn. Ìyá, ojú èèyàn ni mo ti bá a wí. Wọ́n tò sórí ìlà, mo sì mẹ́nu kan iye tí mo fi ń ra epo. N kò kọ ìyẹn sínú ìbéèrè mi. Mo ti pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ náà, mo sì lọ bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Mo tọrọ àforíjì nítorí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀, n kò tọrọ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí pé ọmọ rẹ̀ ló ṣẹ́ ẹ̀rọ lóòótọ́. Nígbà tí mo mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó wò ó pẹ́, ó ní ṣé ìyàwó mi mọ̀ sí i. Mo ní òun ló rán mi. Ó gbà á, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Ó kàn ní aago mẹ́fà ti pẹ́ jù fún àwọn tó ń lọ sí Mile 2, kí n jẹ́ kí òun máa ṣí i ní aago márùn-ún ààbọ̀.