Maṣíìnì àtijọ́ tó ń kú lójú ọ̀nà: ẹ wá sọ ohun tí wáyà fojú yín rí

Òṣogbo (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Honda CD 175 tí bàbá mi ń gùn nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà ní Ẹdẹ ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le dáadáa. Mẹkáníìkì ti tú u, ó ti pààrọ̀ ríìngì, kò yọ èéfín, kò jo ọ́ìlì. Iná rẹ̀ ló fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́sẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Láàárọ̀, kíìkì kan, ó ti dáhùn. Tí mo bá dé ọ̀nà Ìkìrun tí mo tan iná iwájú, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Tí mo bá tẹ fèrè, ohùn rẹ̀ á há bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lójú ọ̀sán, tí mi ò tan iná kankan, bí mo bá tẹ bíréèkì, iná inú sipidómítà á máa tàn fìrìfìrì. Kí ló kan sipidómítà nínú ọ̀rọ̀ bíréèkì? Tó bá yá, á kú pátápátá. Màá jókòó sábẹ́ igi títí ẹ́ńjìnnì á fi tutù, màá ta á ní kíìkì, á dáhùn, a tún ń lọ.

Rìwáyà kan ní kọ́ìlì tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná ló bàjẹ́, mo ra kọ́ìlì. Òmíràn ní bátìrì ni, mo ra bátìrì. Ẹlòmíràn tún dé, ó wo kọ́ìlì tuntun yẹn, ó ní ayédèrú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí, kó sọ ohun tó bá nídìí ẹ̀. Ẹ má sọ ohun tí màá rà fún mi o.

Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Tọ́jú owó ẹ sápò.

Iṣẹ́ rìwáyà yìí ni mo fi tọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ iná sipidómítà tó o sọ yẹn ló fọ̀nà hàn mí. Wáyà kan náà, aláwọ̀ bíráwùn, ni Honda fi ń gbé iná lọ sí iná ẹ̀yìn àti sí iná inú sipidómítà. Tí ẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, bá já tàbí tó dípẹtà, iná tó gba inú gílóòbù bíréèkì kò ní rí ọ̀nà gbà padà sílé. Á pẹ̀yìn dà, á gba inú gílóòbù iná ẹ̀yìn, á gun wáyà bíráwùn náà wá síwájú, á lọ bọ́ sínú sipidómítà, ibẹ̀ ló ti máa rí ẹ́ẹ̀tì. Bó o ra kọ́ìlì mẹ́wàá, kò kàn án.

Ikọ́ tó ń wú yẹn lọ́tọ̀. Jẹ́ kí n sọ ti Honda CG kan tí wọ́n gbé wá bá mi ní Lafẹ́nwá. Alájọ ló ni ín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún lọ́dà ni. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọ́n fọ́n férémù ní dúdú, ó ń dán gbinrin. Látọjọ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó kùn ún ni kò ti gbádùn mọ́. Mo gbé mítà, mo yí i sí DC 20. Mo fi ẹnu dúdú kan orí négétíìfù bátìrì, mo fi ẹnu pupa kan ara ẹ́ńjìnnì níbi tí irin ti mọ́, mo ní kó tan gbogbo iná. Fóòtì tó ń sọ nù lójú ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì ni mítà ń kọ níbẹ̀: òdo ló yẹ kó jẹ́, tàbí 0.1, ó pọ̀ tán 0.2. Ó kọjá 1. Mo tú bóòtù tó de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ férémù. Ọ̀dà wà lábẹ́ ẹ̀ gbagidi, kò sẹ́ni tó ha á. Òrùka irin tó wà lẹ́nu wáyà náà ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé ní ojú kan. Ojú kejì ṣì ń dán, torí pé ọ̀dà ló ń fara kan látọjọ́ yẹn. Ibi tí eyín bóòtù ti ha ọ̀dà díẹ̀ nìkan ni iná ń yọ́ gbà. Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi funfun, mo fún un, mo fi gíríísì bo orí ẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́. Mítà padà sí 0.05. Alájọ bi mí pé kí lòun máa rà. Mo ní kó ra mínírà fọ́mọ iṣẹ́ mi.

Tìẹ tún le ju ti alájọ lọ, torí pé fóòtì 6 ni CD 175 ń lò. Gílóòbù wáàtì 35 lórí fóòtì 12 ń fa bí ámpíà 3 (ámpíà la fi ń ka bí iná ṣe ń ṣàn tó). Lórí fóòtì 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámpíà 6. Ìdọ̀tí tó ń jẹ ààbọ̀ fóòtì lára maṣíìnì fóòtì 12 á jẹ odidi fóòtì kan lára tìẹ, bẹ́ẹ̀ 6 péré lo ní lọ́wọ́. Bó o bá ti tan iná iwájú, kọ́ìlì ò rí jẹ mọ́ nìyẹn. Ohun tó ń mú un wúkọ́ nìyẹn.

Gbogbo wáyà aláwọ̀ ewé tí kò ní ilà kankan lára Honda, ẹ́ẹ̀tì ni. Ṣí ìkòkò iná iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti pọ̀ jù. Fa ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Èyí tó bá ń nà lọ́wọ́ ẹ, bàbà inú ẹ̀ ti jẹrà, bí ara ẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Wọn mítà kó o tó ra ohunkóhun, kó o wá sọ iye tó kọ fún wa.

Muṣin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ ńlá lẹ kọ́ wa. Èmi ò mọ mítà lò, àmọ́ mo ní Suzuki A100 kan tí fíúsì ẹ̀ máa ń jó kìkì ìgbà tí mo bá fẹ́ yà wọlé. Àdúgbò ti fẹ́ máa sọ pé ará ilé ni. Ẹnìkan bá mi ká bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ fíúsì. Fíúsì ò jó mọ́ lóòótọ́. Abẹ́ táǹkì ló ń yọ èéfín.

Ọ̀tún ni géètì ilé wa wà. Tí mo bá yí ọwọ́ maṣíìnì sọ́tùn-ún, wáyà tó gba ọrùn férémù kọjá á fara ha irin, ìhòòhò ara ẹ̀ á sì kan férémù. Ohun tí ọ̀gá tó tún un ṣe fi rí i rèé: ó yọ fíúsì, ó so gílóòbù iná iwájú sí ojú ibi tí fíúsì wà. Gílóòbù tàn gbòò, ó ní àmì pé wáyà ń kan irin níbì kan nìyẹn. Ó wá ń mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ó ń yí ọwọ́ maṣíìnì. Ibi tí gílóòbù ti ṣẹ́jú, ibẹ̀ ló là. Kò jó fíúsì kankan títí ó fi parí iṣẹ́.

Ìbàdàn

Ẹni tó ní Vespa àtijọ́ ló mọ pé bátìrì gan-an kì í ṣe dandan. Tèmi ò ní. Abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ti ń rí gbogbo iná ẹ̀. Òun náà máa ń kú tó bá gbóná, ó ń dáhùn tó bá tutù. Nígbà tí a yọ fúláwíìlì, ara wáyà tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti gan, ó ti là káàkiri, ooru àti ọ́ìlì ló ṣe é. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, wáyà á rọ̀, á fara kan irin, iná pílọ́ọ̀gì á pa.

Ẹ tún ṣọ́ra fún gílóòbù o. Irú iná tí kò ní ohun tó ń dá a dúró bẹ́ẹ̀, gílóòbù ló ń pín in jẹ láàárín ara wọn. Tí ọ̀kan bá jó, èyí tó kù á gba ti ẹ̀ mọ́ tiwọn, àwọn náà á tẹ̀ lé e. Ẹ má kàn fi wáàtì tẹ́ ẹ bá rí sí i.

London

Ẹ̀gbọ́n wa l'Abẹ́òkúta, a dúpẹ́. Kí ẹni tó bá ní maṣíìnì àwọn Gẹ̀ẹ́sì má fi àwọ̀ wáyà ti Honda ṣiṣẹ́ o. Triumph Bonneville ti 1969 ni mo ní níbí. Pọ́sítíìfù ni wọ́n dè mọ́ férémù, négétíìfù ló ń gbé iná kiri. Wáyà pupa tí ojú wa ti mọ́ pé iná ń bẹ nínú ẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ni. Èyí tó ti bátìrì jáde wá, bíráwùn onílà búlúù ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan láti ilé wá ràn mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ Honda dáadáa. Ó rí pupa, ó fẹ́ dè é mọ́ pọ́sítíìfù, ìyẹn tọ̀nà. Ó wá rí i pé orí férémù ni pupa yẹn lọ, ó ní ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ti ya wèrè, ó fẹ́ yí i padà. Ariwo tí mo pa, aládùúgbò yọjú. Téèyàn bá yí bátìrì padà lórí irú maṣíìnì yìí, rẹ́kítífáyà (tó ń mú iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) àti Zener (tó ń dá fóòtì dúró) á jó kó tó mọ ohun tó ṣe.

Akúrẹ́

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, sìlíńdà méjì ni maṣíìnì yẹn ní. Ẹ ta á, kí ẹ yọ ẹnu wáyà pílọ́ọ̀gì kan, kí ẹ wo bóyá ti ìkejì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa mọ apá tó ń ṣàìsàn.

Abẹ́òkúta

Rárá o, Akúrẹ́, ìyẹn kò bá ti CD 175 mu. Kọ́ìlì kan ṣoṣo ló ní, kọ́ńtáàtì kan ṣoṣo (ẹnu irin tó ń ṣí tó sì ń pa dé láti já iná kọ́ìlì), orí méjèèjì kọ́ìlì náà ló ń lọ sí pílọ́ọ̀gì méjì. Iná ń ti orí kan jáde, á fo pílọ́ọ̀gì kìíní, á gba ara ẹ́ńjìnnì, á tún fo pílọ́ọ̀gì kejì kó tó padà dé kọ́ìlì. Tó o bá yọ ọ̀kan tó ò sì kàn án mọ́ irin, o ti já ọ̀nà fún ìkejì náà. Á wá dà bíi pé méjèèjì ti kú, kọ́ìlì gan-an á sì máa wá ibòmíràn tí iná ẹ̀ máa fò gbà. Yọ pílọ́ọ̀gì méjèèjì, fi wọ́n sẹ́nu wáyà wọn, tẹ́ wọn lé ara ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ojú ihò tí pẹtiróòlù ti ń fẹ́ jáde, kó o wá ta kíìkì.

Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Mo yá mítà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Láti négétíìfù sí ara ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú iná iwájú ní títàn, ó kọ 1.3. A tú wáyà ẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ìjókòó: ìpẹtà ni, kì í ṣe ọ̀dà. A ha á. Nínú ìkòkò iná iwájú, a bá wáyà ewé méjì tí ẹnìkan kàn lọ́ pọ̀ tó wé tépù dúdú mọ́, tépù náà ti di àtè. A jó wọn pọ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Ti iná ẹ̀yìn, bóòtù tó de é mọ́ mọ́gáàdì ló ti jẹrà; a fa wáyà tuntun tààrà lọ sí férémù. Mítà bọ́ sí 0.1. Sipidómítà kò tàn mọ́ tí mo bá tẹ bíréèkì. Fèrè wá ń dún, ajá ilé sá.

Ó ṣì ń kú tó bá gbóná ṣá.

Abẹ́òkúta

Duro di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó bá ti gbóná, ṣí ìdérí kọ́ńtáàtì, kó o máa wo ẹnu ẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Iná kékeré tó ń ṣẹ́ wíníwíní kò burú. Tó bá jẹ́ pé ó ń ṣáná funfun ńlá, kọ́ńdẹ́ńsà ló bàjẹ́, ìyẹn agolo kékeré tí kì í jẹ́ kí iná máa fò lẹ́nu kọ́ńtáàtì. Wo ojú kọ́ńtáàtì náà: tó bá ti gún òkè lójú kan tó sì jin ihò lójú kejì, ẹlẹ́rìí ẹ̀ nìyẹn.

Òṣogbo

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, òkè àti ihò. A wá kọ́ńdẹ́ńsà, a fi sí i, a fọ ojú kọ́ńtáàtì, a fi fílà gédù (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) ti mìlímítà 0.35 wọn àlàfo ẹ̀. Mo ti gùn ún dé Ìlá nínú oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú iná iwájú ní títàn, kò wúkọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, mítà lórí bátìrì ń kọ 7 àti díẹ̀.

Wọ́n wá ń sọ fún mi pé kí n yí i sí fóòtì 12 kí iná lè mọ́lẹ̀ sí i. Kí lẹ rí sí i?

Muṣin

Yí i, ẹ̀gbọ́n! Gílóòbù fóòtì 6 kì í sábà sí lọ́jà mọ́.

Abẹ́òkúta

Ti ọjà yẹn, òótọ́ ni Muṣin sọ. Àmọ́ kì í ṣe bátìrì nìkan lo máa yí. Gbogbo gílóòbù, fèrè, fúláṣà tráfíkétọ̀, kọ́ìlì, rẹ́kítífáyà, kó o tún wá régúlétọ̀ tó máa dá fóòtì dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á hó. Èmi ò ní yí i tó bá jẹ́ tèmi. Rẹ́kítífáyà àtijọ́ tó ní àwo pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lára yẹn nìkan ni mo máa pààrọ̀, màá fi ti ìgbàlódé sí i. Tó o bá fẹ́ tú u, má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù tí wọ́n kùn lọ́dà ní àárín rẹ̀. Òun ló so àwọn àwo náà pọ̀.

Òṣogbo

Ó ti yé mi. Fóòtì 6 la máa máa gùn lọ. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí gíláàsì pupa iná ẹ̀yìn rẹ̀? Tèmi ti sán, òjò sì ti ń bọ̀.