Hilux mi ń kùn lẹ́yìn, ó sì ń mì: ṣé odindi axle ni kí n rà?

Ìbéèrè, láti Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Hilux ọdún 2001 ni mo fi ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó ń ṣiṣẹ́ ní ojúlé kejì. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn náà ń ròkè, bí mo bá sì yọ gíà sí firì ní ìdagẹ̀rẹ̀, kì í dákẹ́. Bí mo bá ń gbéra, mo tún máa ń gbọ́ “kọ̀n” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì mi fi ọwọ́ yí pùròpẹ́là (ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn) sọ́tùn-ún sósì, ó ní kí n wò ó bó ṣe ń mì, kí n lọ ra odindi axle tòkunbọ̀, ìyẹn gbogbo irin ìdábùú tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Owó rẹ̀ kò sí, ọkàn mi kò sì gbà á tán. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Èsì, láti Oǹdó:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kò sí differential (àkójọ gíà tó wà láàárín axle ẹ̀yìn) tí pùròpẹ́là rẹ̀ kì í mì díẹ̀, nítorí bí eyín crown wheel (gíà ńlá inú rẹ̀) àti ti pinion (gíà kékeré tó ń yí i) bá fún mọ́ra jù, wọn yóò gbóná, wọn yóò sì jẹ ara wọn. Bí ohùn náà bá ń hu nígbà tí ẹ bá tẹná, tó ń yí padà nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, eyín yẹn ni kí ẹ fura sí. Èyí tó ń kùn bákan náà ní firì, bẹ́árìn ẹsẹ̀ (irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí geere) ni mo máa kọ́kọ́ bi léèrè. Bí ó bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ ń ya kọ́nà sí ọ̀tún, tí ẹrù wá tẹ̀ sí òsì, ti òsì ni.

Èsì, láti Ilé-Olúji:
Ẹ wo táyà náà o. Mo ti ra bẹ́árìn lásán rí, táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ń kùn. Ẹ gbé ti ẹ̀yìn sí iwájú; bí ariwo bá bá a lọ, ẹ ti mọ̀.

Èsì, láti Àkúrẹ́:
Iṣẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fi dàgbà. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà iwájú méjèèjì, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé axle lé orí ìdúró irin, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, tí í máa fọ́ lójijì. Ẹ fi gíà sí firì, ẹ tú bíréèkì ọwọ́. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíríǹgì lẹ́bàá ẹsẹ̀ náà, kí ẹnìkejì máa fi ọwọ́ yí táyà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bẹ́árìn tó ti bàjẹ́ yóò máa gbọ̀n wá sínú ọwọ́ yín bí ìgbà tí yanrìn wà nínú ọlọ. Bí epo gíà bá ti rin inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, oil seal (rọ́bà tó ń dá epo dúró) ti jẹ nìyẹn. Ẹ yẹ ihò atẹ́gùn orí axle wò pẹ̀lú, nítorí bí amọ̀ bá dí i, ooru ni yóò máa ti epo gba ojú seal jáde. Ẹ tú epo differential sínú abọ́ funfun: èérí irin kíkúnná bí ìyẹ̀fun kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí èékánná lè ṣà, eyín ti ń kán. Ní ti “kọ̀n” yẹn, kírọ́ọ̀sì pùròpẹ́là (oríkèé rẹ̀) ni kí ẹ dì mú, kí ẹ fọwọ́ lọ́ ọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹni tó béèrè:
Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni. Bí ọmọ mi ṣe yí táyà báyìí, sípíríǹgì ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi, ti ọ̀tún sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Epo ti rin bàtà bíréèkì pátápátá, ihò atẹ́gùn sì ti di amọ̀ Ìdànrè. Epo differential kò ní èérí irin ńlá kankan. A tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, a fa ọ̀pá axle ẹsẹ̀ òsì náà jáde, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ bẹ́árìn tuntun wọ̀ ọ́. A pààrọ̀ oil seal àti bàtà bíréèkì. Kíkùn ti tán láti àná. “Kọ̀n” yẹn ṣì wà. Mo ń lọ ra kírọ́ọ̀sì lọ́la.